Ọjọ́ Ìsinmi àti Ọjà Tí Kì Í Tú

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ìmọ̀ èdè ni n óò gbà wọ̀ ọ́, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá ń fi ìlànà ẹ̀sìn Kristi wé ohun tí ayé òde òní kà sí pàtàkì, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, aṣọ wíwọ̀ àti ọtí mímu ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú. Mo ti jókòó gbọ́ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ tó. Ní tèmi o, inú kàlẹ́ńdà ni mo ti rí ìyàtọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù lọ láàrin àwọn méjèèjì. Ta ni ó ni ọjọ́ keje? Ta ni ó lè sọ fún ọlọ́jà pé kí ó pa àtẹ rẹ̀ mọ́, kí ọlọ́jà sì gbọ́?

Kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní àwọn ọdún 1840, Yorùbá ti ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá kà á bí Òyìnbó ṣe ń kà á, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni àwọn baba wa ń pè é, nítorí pé àti ọjọ́ tí ìṣírò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí ni wọ́n máa ń kà pọ̀. Ìdí nìyí tí ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún, tí èyí tí ó ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ sì ń jẹ́ ọjà ìsán. Ìdí kan náà ni ìjẹta fi jẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú àná, tí kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta gbáko sẹ́yìn. Àwọn tí ń kọ́ èdè wa láti òkè òkun máa ń kọsẹ̀ níbí. Kí wọ́n má ṣe bínú, àwọn ọmọ wa tí a bí sí Ìbàdàn náà ń kọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀sẹ̀" pàápàá, kì í ṣe iye ọjọ́ ni ó ń tọ́ka sí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọjọ́ ìbọ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, àwọn tí ń bọ Ọbàtálá ni ọ̀sẹ̀ dé bá. Ẹni tí ń bọ Ògún lè gbé àdá rẹ̀ kí ó gba oko lọ, nítorí pé ọjọ́ tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ọjọ́ Awo wà fún Ifá, Ọjọ́ Jàkúta wà fún Ṣàngó. Àwọn òrìṣà pín ọjọ́ láàrin ara wọn. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ dé, wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àwọn abọ̀rìṣà, wọ́n na ọjọ́ mẹ́rin di méje, wọ́n sì sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ bí Abíọ́sẹ̀ àti Bọ́sẹ̀dé, tí a ń fún ọmọ tí ó bá ọ̀sẹ̀ òrìṣà wáyé, di orúkọ ọmọ tí a bí ní Sọ́ńdè. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti yí padà pátápátá.

Nínú orúkọ ọjọ́ tí à ń lò báyìí, Ọjọ́ Àìkú ni Sọ́ńdè, Ọjọ́ Ajé ni Mọ́ńdè. Mo mọ̀ pé oníwàásù tí ó bá rí bí àwọn méjèèjì ti tò tẹ̀ léra yóò rí ọ̀rọ̀ wákàtí kan sọ lé e lórí. N kò ní bá a du iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí kò ju pé ìsìn àti ọjà ti ń gbé pọ̀ nínú kàlẹ́ńdà wa tipẹ́tipẹ́, àti pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọjọ́ ìkínní, ó ti fọwọ́ kan ìkejì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán nínú ilé wa. Ìyá mi ta èlùbọ́ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọjà ọrún kan ní ìhà Ìbàràpá sì ni ó máa ń ná. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọjà ń padà wá ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, Sọ́ńdè ń padà wá ní ọjọ́ méje méje. Nítorí náà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 28. Nínú ọdún kan, nǹkan bí ọjọ́ ọjà 91 ni ó wà, nǹkan bí 13 nínú wọn sì máa ń bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń sinmi. Ìyá mi kò ná ìkankan nínú àwọn 13 náà rí. Ìdá kan nínú méje ohun tí ó yẹ kí ó tà ni ó ń yọ̀ǹda lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́rin láti san, ọ̀kan nínú wọn ni ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Mùsùlùmí, tí àtẹ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Obìnrin rere yìí sọ fún un nígbà kan pé kí ó máa fi èlùbọ́ rán òun ní irú Sọ́ńdè bẹ́ẹ̀, pé òun yóò bá a tà á láìgba kọ́bọ̀. Ìyá mi dúpẹ́, ó kọ̀. Ó ní, "Ìyá Alájà, bí mo bá fi èlùbọ́ rán yín, mo ti ná ọjà náà nìyẹn. Ẹsẹ̀ yín ni mo fi rìn." Ìwé mẹ́fà ni ìyá mi kà, kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìsìn níbì kan ju inú ilé ìjọsìn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà tí mo wá fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ èdè ka òfin náà, mo rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ó fi ọwọ́ bà.

Ẹ wo òfin náà bí ó ti wà nínú Ẹ́kísódù orí 20 àti Diutarónómì orí 5. Kò bá olórí ilé sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nìkan. Ó ka ọmọkùnrin rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀, ó ka ẹrú lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ó ka ẹran ọ̀sìn, ó sì ka àlejò tí ó wọ̀ sí ìlú. (Ìyàwó nìkan ni kò dárúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi máa ń bi mí ìdí rẹ̀, wọn a sì máa wo ojú mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti rí ẹni tí ń dúró ti iná nítorí ìrẹsì ọjọ́ Sọ́ńdè nílẹ̀ wa mọ̀ pé ìbéèrè náà kò tíì tán.) Ìdí tí ìwé méjèèjì mú wá kò bá ara wọn dọ́gba. Ti Ẹ́kísódù wo ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ẹni tí ó parí iṣẹ́ ìdá ayé tí ó sì sinmi. Ti Diutarónómì wo ẹ̀yìn, sí Íjíbítì, níbi tí àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ti ṣe ẹrú rí. Nínú Ẹ́kísódù orí 23, ọ̀rọ̀-ìṣe Hébérù tí a lò fún ọmọ ẹrúbìnrin àti fún àlejò bá ọ̀rọ̀ náà nefesh tan, èyí tí ó dúró fún ọ̀fun, èémí àti ẹ̀mí. Kí àwọn wọ̀nyí lè mí kanlẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ń wu ènìyàn láti sọ pé "mí" yìí ni ó wà nínú "sinmi" tiwa. Ohùn kò gbà fún un: ohùn òkè ni ó wà lórí mí, ohùn àárín ni ó sì wà lórí sìlébù méjèèjì tí ó wà nínú sinmi. Mo sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì dùn létí ju bí ó ti tọ̀nà lọ.

Ajayi Crowther, tí ó ṣe agbátẹrù ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, kò nílò ẹni tí yóò la ìdí ti Diutarónómì yé e. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun ojú omi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ẹni tí a ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè rí mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí ọjọ́ kan wà tí olówó ẹni kò lè pe ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta pàápàá ní ẹrú àti ìwọ̀fà nínú ilé, ọ̀rọ̀ náà sì fa àwíyé tí ó pẹ́ láàrin àwọn míṣọ́nnárì. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ rẹ̀ san èlé owó tí ẹbí rẹ̀ yá. Ọjọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́, owó ẹlòmíràn ni ó dúró. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ọjọ́ ìsinmi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsìn nìkan. Òfin tí ó dé ọlá àti ipá ni. Ìwọ kọ́ ni a fi ìsinmi náà fún ní àkọ́kọ́. Ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ ni a fi fún, ìwọ ni a sì fi òfin náà dè.

Ohun tí ayé òde òní, ayé tí kò fi ẹ̀sìn ṣe ìpìlẹ̀ òfin rẹ̀, ní láti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe yẹpẹrẹ, n kò sì fẹ́ kí a bú u. Ní 1921, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn pé kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 24 láti sinmi nínú ọjọ́ méje méje, àti pé, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ tí àṣà ìlú ti yà sọ́tọ̀. Òfin Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí a ṣe ní 1974, náà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kan nínú méje. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kò tíì fún aṣọ́nà tirẹ̀ ní ohun tí òfin ìjọba yìí ti fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó yọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà bí ọdún ti ń gorí ọdún. "Lẹ́ẹ̀kan náà" ni ó yọ́ kúrò. Ìsinmi di ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí owó oṣù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà sínú báńkì tirẹ̀: gba Túsìdeè, kí èmi gba Tọ́sìdeè, ọjọ́ náà ṣáà pé ọ̀kan. Ohun tí ó sì mú kí a fún wa ní ìsinmi náà ni pé ara tí ó bá sinmi ni ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́la. Ìsinmi di epo tí à ń rọ sínú ẹ̀rọ.

Ìjọba kan wà tí ó gbé èrò yìí dé òpin rẹ̀. Ní 1929, ìjọba Soviet ní Rọ́ṣíà pa Sọ́ńdè rẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ má dúró láé. Wọ́n sọ ọ̀sẹ̀ di ọjọ́ márùn-ún, wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́ márùn-ún, wọ́n fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Ní ojú ìṣírò, oore ni: ọjọ́ kan nínú márùn-ún pọ̀ ju ọjọ́ kan nínú méje lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ wà nínú ọ̀wọ́ kan, ìyàwó wà nínú òmíràn, àwọn ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ráhùn pé ìsinmi tí ènìyàn dá nìkan gbà kì í ṣe ìsinmi. Ní 1931, ìjọba náà yí i padà sí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí gbogbo ènìyàn yóò ti jọ máa sinmi lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ó di 1940, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje padà wá, Sọ́ńdè sì bá a wá. Ilẹ̀ Faransé ti dán irú rẹ̀ wò ṣáájú, láti 1793, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Kò pé ọdún mẹ́tàlá tí òun náà fi di ìtàn.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí Soviet kò lè fi ipá mú ṣe, ọjà ti fi ẹ̀rín mú un ṣe láàrin wa. Kò sí ìjọba kankan tí ó pín wa sí àwọ̀ márùn-ún, síbẹ̀ ẹ wo ilé kan ní Èkó lónìí: ọkọ wà ní ilé epo ní Sọ́ńdè, ìyàwó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru, àbúrò ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri fún àwọn tí ó wà nílé. (Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀, mo mọ̀. Jésù fúnra rẹ̀ wo aláìsàn sàn ní ọjọ́ ìsinmi, ó sì gbèjà ohun tí ó ṣe. Àìsàn kì í wo kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí à ń gbé dé ẹnu ọ̀nà kì í ṣe àìsàn.)

Ìjà tí wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ kí a mọ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará ilé wa ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Ní 1986, ìjọba Margaret Thatcher gbé àbádòfin wá pé kí ṣọ́ọ̀bù máa ṣí ní Sọ́ńdè bí ó bá ti wù wọ́n. Obìnrin tí agbára rẹ̀ ń ba àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rù, tí ó ní ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó pọ̀ ju ti gbogbo àwọn alátakò lọ, wọ́n fi ìbò 296 sí 282 dá àbádòfin rẹ̀ padà. Àwọn tí ó dìde sí i ni ìjọ Ọlọ́run àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn méjì tí kì í sábà jọ jókòó sórí àga kan. Ní 1994, wọ́n wá rí àárín gbà: ṣọ́ọ̀bù kékeré lè ṣí, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá fẹ̀ ju 280 mítà onígun mẹ́rin lọ kò lè ju wákàtí mẹ́fà lọ ní Sọ́ńdè. Ní 2016, ìjọba tún fẹ́ tú okùn náà, ilé ìgbìmọ̀ sì tún fi ìbò 317 sí 286 kọ̀. Ní Jámánì, òfin-ìpìlẹ̀ ni ó dáàbò bo Sọ́ńdè, gbólóhùn kan tí ó ti wà láti 1919. Ní 2009, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ lórí òfin-ìpìlẹ̀ náà sọ fún ìlú Berlin pé èrè oníṣòwò àti ìfẹ́ oníbàárà láti rajà kò tó ìdí láti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sọ́ńdè mẹ́rin tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Ní Pólándì, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ òfin tí ó ń ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Sọ́ńdè láti 2018.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀tàn bá ara wa lò o. Ọ̀ràn wà nínú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1961, àwọn oníṣòwò Júù ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, gbé ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ. Ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, òfin ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n tì í ní Sọ́ńdè. Ọjọ́ márùn-ún péré ni ó kù fún wọn níbi tí àwọn alábàáṣòwò wọn ti ní mẹ́fà. Ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Èrò àwọn adájọ́ ni pé òtítọ́ ni pé inú ẹ̀sìn ni òfin Sọ́ńdè ti jáde, ṣùgbọ́n ó ti di òfin tí ó fún gbogbo ìlú ní ọjọ́ ìsinmi kan náà, èyí kò sì lòdì sí òfin-ìpìlẹ̀. Èmi gbà pẹ̀lú ìdí tí wọ́n mú wá, ìdájọ́ náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá mi fi ọjọ́ 13 sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn Júù wọ̀nyí, wọ́n fi ipá gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí Constantine ọba Róòmù ti pàṣẹ ìsinmi ọjọ́ oòrùn ní ọdún 321 ni ìṣòro yìí ti bẹ̀rẹ̀: òfin tí a ṣe kí alágbára má baà fi agbára jẹ, alágbára ni ó wá wà ní ìdí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti ń bí ọmọ sínú ilé kan náà, kò sí ẹni tí ó gbọ́n tí yóò ní kí ìjọba máa ti ọjà ọlọ́jà ní Sọ́ńdè. Àwọn Mùsùlùmí náà sì ní wákàtí tiwọn: Kùránì ní kí wọ́n fi káràkátà sílẹ̀ bí a bá pe ìrun Jímọ̀, kí wọ́n sì fọ́n ká padà sẹ́nu iṣẹ́ bí a bá kí i tán. Wákàtí ni, kì í ṣe ọjọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá ajé sọ.

Àwa náà kò ṣe àjèjì sí kí a ti ọjà. Bí ọba bá wàjà, ọjà yóò tì. Bí orò bá ń ké ní àwọn ìlú kan, ẹni tí ó lówó jù lọ yóò jókòó sílé rẹ̀. Àṣẹ láti ti ọjà jẹ́ ara ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó ni ìlú. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba sé ìlú Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá mọ́lé, a sì rí i pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àìṣeéṣe ṣeé ṣe. Nítorí ẹ̀mí ara ni wọ́n ṣe é, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn mí ohun tí ayé òde òní gbà pé ó ga ju ajé lọ: ikú nìkan. Bí kò bá ti sí ikú, ajé ni ó ń pàṣẹ.

Kí àwọn onígbàgbọ́ tí ń ka èyí má tíì máa rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wa lónìí, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ńlá kan ní Sọ́ńdè: ọjà ni. Ẹ wọ inú lọ: àwọn tí ń darí ọkọ̀, tí ń to àga, tí ń gbá ilẹ̀, tí wọ́n ti dé láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ tí wọn kò ní lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, orúkọ tí a ń pè wọ́n ni òṣìṣẹ́. Èdè kì í purọ́ fún ẹni tí ó bá fetí sí i. A ti gba Sọ́ńdè lọ́wọ́ ọ̀gá ọ́fíìsì, a sì ti dá ọ̀gá mìíràn sílẹ̀ fún un. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó jí ní agogo mẹ́rin láti wẹ àwọn ọmọ, tí ó se oúnjẹ, tí ó gbé ọmọ pọ̀n ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìyá ọmọ ń kọrin nínú ilé, òun ni òfin náà dárúkọ.

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní àdúgbò tí mo ń gbé, ọlọ́dẹ mẹ́ta ni ó ń ṣọ́ géètì wa, ọjọ́ méje nínú méje ni wọ́n sì ń ṣe é. Ní ọdún tó kọjá, a gbé ọ̀rọ̀ wọn wá sí ìpàdé àwọn onílé. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí géètì má baà ṣófo. Ọ̀rọ̀ gidi ni, gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ní kí a kọ́kọ́ bi àwọn ọlọ́dẹ náà léèrè. Ọ̀kan nínú wọn, Mùsùlùmí ni, ọ̀sán Jímọ̀ ni ó ń fẹ́, ìyẹn kò sì le. Àwọn méjì yòókù, onígbàgbọ́ ni wọ́n, Sọ́ńdè ni àwọn méjèèjì fẹ́. Èyí tí ó dàgbà jù sọ pé láti ọdún mẹ́fà tí òun ti ń ṣọ́ wa, òun kò tíì bá ìyàwó òun jẹun ọ̀sán. Ìyàwó náà ń ta ata láti Mọ́ńdè dé Sátidé, Sọ́ńdè nìkan ni ó máa ń wà nílé. Bí a bá fún ọkùnrin yìí ní Wẹ́sìdeè, yàrá òfìfo ni a fún un.

Ẹnì kan wá béèrè ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù láti béèrè: "Ta ni yóò wá ṣọ́ géètì ní Sọ́ńdè?"

Ìpàdé mẹ́ta ni a fi jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní kí a gba ọlọ́dẹ kẹrin fún Sọ́ńdè nìkan. Àwọn mìíràn ní kí àwa onílé máa ṣọ́ ọ fúnra wa, méjì méjì, láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ dé agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn Mùsùlùmí àárín wa sì ni ó kọ́kọ́ fara wọn sílẹ̀, wọ́n ní ilé ni àwọn wà ní ọjọ́ náà tẹ́lẹ̀. Onílé kan, alàgbà nínú ìjọ, ní òun yóò máa san owó fún ẹni tí yóò dúró ní ipò òun. Mo rántí èlùbọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún wọn bí ó ti sọ ọ́, alàgbà náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí a kọ orúkọ òun sílẹ̀.

Oṣù keje nìyí tí a ti ń ṣe é. Ìpín tèmi ni Sọ́ńdè kejì nínú oṣù, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, pẹ̀lú oníṣòwò pákó kan tí ó mọ ìtàn ogun Kírìjì ju èmi lọ. Alága ti pàṣẹ pé n kò gbọdọ̀ gbé ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dání wá síbẹ̀.